Kí Ni Ẹ̀rọ Amúlétutù Yẹn Ń Wí?

Ní Carey Street, láàárín gbùngbùn ìlú Monrovia, kò sí wákàtí tí etí ń sinmi. Lọ́sàn-án, ọkọ̀ ń fọn fèrè, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ń wá ibi tí yóò gbà kọjá, àwọn ọlọ́jà ń ké sí oníbàárà. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí àwọn ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ ti tì, ohùn mìíràn á gba ojú pópó. Ohùn àwọn ẹ̀rọ amúlétutù tí wọ́n so mọ́ ara ògiri ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń mí bí ẹni tó ti sùn lọ. Ẹni tó bá pẹ́ ládùúgbò kì í gbọ́ wọn mọ́. Ìgbà tí ọ̀kan nínú wọn bá yí ohùn padà ni yóò tó lajú lórí ibùsùn.

Ohùn tó yí padà yẹn ti ná ọ̀pọ̀ ìdílé ní owó tí kò yẹ kí wọ́n ná. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ náà bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Kò kàn sí ẹni tó fetí sílẹ̀ dáadáa kí wọ́n tó ránṣẹ́ pe oníṣẹ́ ni. Àwọn mìíràn gbọ́ ọ, wọ́n sì fi ariwo tẹlifíṣọ̀n bò ó mọ́lẹ̀, títí ohun tí owó táṣẹ́rẹ́ ì bá fi tún ṣe fi di ohun tó pa ẹ̀rọ. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ẹ̀rọ kì í yí ohùn padà lásán.

Ìyá tó sín ẹ̀rọ jẹ

Ìdílé Yorùbá kan ń gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní òpópónà náà. Ẹ̀yà ara ọkọ̀ ni ọkọ ń tà, ìyàwó ń ta aṣọ. Ẹ̀rọ amúlétutù ojú fèrèsé kan ṣoṣo ni wọ́n ní, iyàrá àwọn ọmọ ni wọ́n sì fi í sí. Fún oṣù méjì gbáko, bó bá ti di alẹ́, ẹ̀rọ náà kì í mú iyàrá tutù mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni oníṣẹ́ kan sọ fún wọn pé gáàsì ló tán, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì sanwó gáàsì. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ̀rọ á ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́. Bó bá tún di alẹ́, ọ̀rọ̀ á di ti àná.

Àsìkò yẹn ni ìyá ọkọ wá kí wọn láti Ìbàdàn. Iyàrá àwọn ọmọ ni màmá sùn sí. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, ó pe ọmọ rẹ̀.

“Ṣé o ti jókòó ti nǹkan yìí rí, kí o gbọ́ ohun tó ń wí?”

“Gáàsì rẹ̀ ló tán, mọ́mì. Ẹ jẹ́ kí n gbé fáànù wá fún yín.”

“Gáàsì kọ́. Ó fẹ́ gbéra ni, agbára ni kò ní. Á máa ṣe *hùùùù*, bí ẹni tó fẹ́ gbé àpò ìrẹsì tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò gbà á. Á wá ní *tà!* á sì dákẹ́. Tó bá ṣe díẹ̀, á tún dán an wò. Ìgbà tí àwọn ará ìsàlẹ̀ tan iná wọn ló bẹ̀rẹ̀. Lánàá, nígbà tó di ìdájí tí kálukú ti pa tirẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà ló gbéra.”

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pe oníṣẹ́ mìíràn, ọmọ Làìbéríà tí àwọn ará àdúgbò mọ̀ dáadáa. Màmá kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, oníṣẹ́ kò sì gbọ́ Yorùbá. “Ol’ Ma,” ni ọkùnrin náà pè é, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá àgbà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ níbẹ̀, ó sì bèèrè ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ. Ìyàwó fẹ́ ṣe ògbufọ̀, ṣùgbọ́n màmá kò dúró. Ó nàka sí ẹ̀rọ, ó ní, “Hùùùù… tà!” ó sì tún un sọ. Oníṣẹ́ rẹ́rìn-ín. Kò gbé gáàsì jáde. Ó ní òun á padà wá lálẹ́.

Nígbà tó dé lálẹ́, ó fi mítà wọn iná tó ń wọlé. Iná náà rẹlẹ̀ gan-an sí iye tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ. Kapasítọ̀, ìyẹn ohun kékeré bí agolo tó máa ń ti kọ̀mpúrẹ́sọ̀ lẹ́yìn kó lè gbéra, ti rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sún bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ kúrò lára ògiri, wọ́n rí pulọ́ọ̀gì ẹ̀rọ náà. Rọ́bà rẹ̀ ti pọ́n, etí rẹ̀ kan sì ti yọ́ mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ilé dákẹ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ooru tàbí owó gáàsì ni wọ́n ń rò mọ́.

Oníṣẹ́ pààrọ̀ kapasítọ̀, ó pààrọ̀ pulọ́ọ̀gì àti sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó sì ní kí wọ́n ra sitẹbiláísà tó lè gbé ẹ̀rọ náà. Gáàsì kankan kò wọ inú rẹ̀.

Kí ló dé tí ohùn yẹn fi léwu?

Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ni ọkàn ẹ̀rọ amúlétutù. Òun ló ń ti gáàsì yí ká inú páìpù, kí gáàsì náà lè gbé ooru inú ilé lọ síta. Ìgbà tó bá fẹ́ gbéra ló máa ń fa iná jù, ní ìlọ́po mélòó kan iye tó ń lò nígbà tó bá ti ń ṣiṣẹ́. Bí iná bá rẹlẹ̀ tàbí tí kapasítọ̀ bá ti rẹ̀, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ kò ní lè yí. Á dúró sójú kan, á máa kùn, á sì máa gbóná. Ohun kan wà lára rẹ̀ tó ń gé iná nígbà tí ooru bá pọ̀ jù; òun ló ń dún *tà*. Bí ara rẹ̀ bá rọ̀, á tún so iná pọ̀, ìjàkadì á sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Gbogbo ìgbà tó bá ń gbìyànjú báyìí ni wáyà àti pulọ́ọ̀gì ń gbóná. Nítorí náà, bí wọ́n bá ti gbọ́ *hùùù-tà* lẹ́ẹ̀mejì, pípa ló yẹ kí wọ́n pa á, kí wọ́n yọ pulọ́ọ̀gì rẹ̀, kì í ṣe kí wọ́n máa retí ìgbà tí yóò gbéra.

Monrovia mọ ohun tí iná ń fojú ẹni rí. Ní 1990, ogun abẹ́lé sọ ibùdó Mount Coffee, níbi tí wọ́n ti ń fi omi Odò St. Paul pèsè iná, di aláìṣiṣẹ́. Fún nǹkan bí ọdún 16, ẹni tó bá lágbára jẹnẹrétọ̀ ló ń ríná lò. Ní ọjọ́ 26, oṣù Keje, ọdún 2006, tí í ṣe àyájọ́ òmìnira Làìbéríà, Ààrẹ Ellen Johnson Sirleaf tan iná ìjọba padà sí àwọn ibì kan nínú ìlú náà. Oṣù Kejìlá ọdún 2016 ni Mount Coffee fúnra rẹ̀ tó tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, agbára rẹ̀ sì jẹ́ mẹ́gáwáàtì 88. Ṣùgbọ́n bí iná tilẹ̀ dé, ilé tí ìdílé púpọ̀ ti ń fa iná lára wáyà kan ṣoṣo, bóyá ní Carey Street ni o tàbí ní Mushin, á máa rí i pé iná ń rẹlẹ̀ nígbà tí gbogbo ènìyàn bá ń lò ó lẹ́ẹ̀kan náà. Etí tó mọ̀ pé ìrọ̀lẹ́ nìkan ni ariwo ń wá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ àrùn náà tán.

Ibo ni? Ìgbà wo ni?

Ìbéèrè méjì yìí ni oníṣẹ́ gidi máa ń kọ́kọ́ bèèrè, onílé sì lè ti dáhùn wọn kó tó dé.

Ẹ̀rọ ojú fèrèsé kó gbogbo nǹkan rẹ̀ sínú àpótí kan. Ṣùgbọ́n èyí tó pín sí apá méjì, fáànù àti ohun tó ń darí atẹ́gùn wà lára ohun tó ní nínú ilé. Ìta ni kọ̀mpúrẹ́sọ̀ àti fáànù ńlá wà. Bí ó bá jẹ́ pé inú ilé ni ariwo ti ń wá lára irú èyí, kò níláti jẹ́ pé kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ló bàjẹ́, ẹnikẹ́ni tó bá sì fẹ́ tà á fún onílé gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ara rẹ̀.

Ọ̀nà kan wà tó rọrùn láti fi dán an wò. Kí wọ́n gbé ẹ̀rọ sí fáànù nìkan, láìjẹ́ kó mú ilé tutù. Bí ariwo náà bá ṣì ń dún, fáànù tàbí ohun tó yí i ká ló ń pariwo. Bó bá dákẹ́, tó sì padà wá nígbà tí wọ́n tún gbé e sí tútù, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tàbí àwọn ohun tó so mọ́ ọn ni kí wọ́n fura sí. Lára ẹ̀rọ alápá méjì, gbogbo apá ìta ló máa ń dákẹ́ nígbà tí wọ́n bá gbé e sí fáànù nìkan, ìyẹn sì tún ń mú kí ó rọrùn láti mọ̀.

Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ara àpótí rẹ̀ láti ìta. Bí ariwo bá dákẹ́ lábẹ́ ọwọ́, ìdérí tàbí síkúrù kan ló tú.

Ti ìgbà tó ń dún náà ṣe pàtàkì. Ṣé lẹ́yìn òjò ni? Ṣé nígbà tí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni? Ẹ̀rọ máa ń ṣe bí ọmọ tí ibà rẹ̀ ń lọ gẹ́rẹ́ tí wọ́n bá gbé e dé ọsibítù: bí oníṣẹ́ bá ti wọlé, ara rẹ̀ á yá. Fóònù ni oògùn ìyẹn. Kí wọ́n gba ohùn náà sílẹ̀ nígbà tó bá ń dún. Bí kò bá sí fóònù, kí wọ́n fi ẹnu sín in jẹ bí màmá yẹn ti ṣe. Èdè Yorùbá kò tòṣì nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ìyàtọ̀ sì wà láàárín *gbọ̀n-gbọ̀n*, *kíìn* àti *ṣìì* tí oníṣẹ́ kan kò ní ṣàìgbọ́.

Ohùn tí kò yẹ kó já ẹnikẹ́ni láyà

Ní 1902, ilé ìtẹ̀wé kan ní Brooklyn, ní Amẹ́ríkà, wà nínú wàhálà. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ń mú kí bébà fẹ̀ kó sì sún kì, kì í sì í jẹ́ kí àwọ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ bọ́ sójú ibi tó yẹ. Ẹnjiníà ọ̀dọ́ kan tó ń jẹ́ Willis Carrier ló ṣe ẹ̀rọ tó yanjú rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ẹ̀rọ amúlétutù ìgbàlódé ti bẹ̀rẹ̀. (Orúkọ rẹ̀ jọ ti Carey Street, àmọ́ wọn kò bá ara wọn tan. Lott Carey, ẹrú kan ní Virginia tó ra òmìnira ara rẹ̀ ní 1813 tó sì dé Áfíríkà ní 1821 gẹ́gẹ́ bíi míṣọ́nnárì, ni òpópónà náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.)

Láti ìbẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ gbígba omi kúrò nínú afẹ́fẹ́ ni wọ́n gbé lé ẹ̀rọ yìí lọ́wọ́. Monrovia sì rèé, ọ̀kan lára àwọn olú ìlú tí òjò ń rọ̀ jù láyé, níbi tí òjò ọdún kan ti ń ju mítà 4 lọ. Kò yani lẹ́nu pé ohùn omi pọ̀ lára ẹ̀rọ ibẹ̀. Omi tó ń kán *tó, tó* síta kò burú. Lára àwọn ẹ̀rọ ojú fèrèsé kan, fáànù ẹ̀yìn máa ń fọ́n omi tó ti kó jọ sára irin tó gbóná kí ó lè tètè tutù. Ohùn *ṣàrà-ṣàrà* tí èyí ń mú wá kò burú náà. Bí rọ́bà ara ẹ̀rọ bá dún *kẹ́* nígbà tó ń tutù tàbí tó ń gbóná, tàbí tí gáàsì bá hó díẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ṣẹ̀ṣẹ̀ dákẹ́, kí wọ́n fi sílẹ̀. Ara dídá ni.

Ṣùgbọ́n bí omi bá ń dún *gúlú-gúlú* tó sì ń kán sílẹ̀ nínú iyàrá, páìpù tó ń gbé omi lọ ti dí. Ìyẹn ń fẹ́ àtúnṣe kí ògiri tó bẹ̀rẹ̀ sí hu ẹ̀bu.

Èyí tí ọwọ́ onílé ká

*Gbọ̀n-gbọ̀n-gbọ̀n* sábà máa ń jẹ́ síkúrù tó tú, férémù fèrèsé tí kò dì mọ́ ọn dáadáa, tàbí páìpù tó ń gbá ògiri. Létí òkun bíi ti Monrovia, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ ń jẹ irin, nítorí náà síkúrù tó ń dán lónìí lè dípẹtà láìpẹ́. Dídì í padà, tàbí kíki rọ́bà díẹ̀ sáàárín páìpù àti ògiri, ti tó.

*Ká-ká-ká* tó ń yára bí fáànù bá yára jẹ́ àmì pé nǹkan kan ń gbá abẹ̀bẹ̀ rẹ̀: ewé, ọ̀rá, alángbá tó kú, tàbí wáyà tó yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀. *Wọ̀-wọ̀-wọ̀* láti inú ilé sì sábà máa ń jẹ́ eruku tó di ẹ̀gbẹ́ kan fáànù ju èkejì lọ, tí kò fi yí gún régé mọ́. Ilé tó bá ń fọ asẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì kì í sábà gbọ́ ìyẹn.

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan, kí wọ́n pa iná rẹ̀ láti súìṣì ògiri, kí wọ́n sì yọ pulọ́ọ̀gì. Rìmóòtù nìkan kò tó. Kí ọwọ́ onílé má sì kọjá asẹ́ àti ìta àpótí. Kapasítọ̀ lè pa iná mọ́ sínú lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ pulọ́ọ̀gì, ó sì lè gbé ènìyàn ṣánlẹ̀. Oníṣẹ́ ló mọ bí wọ́n ṣe ń tú iná ibẹ̀ dànù.

Èyí tó ní kí wọ́n pa á kíá

Yàtọ̀ sí *hùùù-tà*, ohùn mẹ́ta wà tí kò gba ìdúró. Èkíní ni *ṣá-ṣá-ṣá*, bí ìgbà tí epo bá ń ta nínú ìsáasùn, pàápàá bí òórùn rọ́bà tó ń jóná bá bá a rìn. Iná ló ń fò láàárín wáyà tí kò dì mọ́ra. Èkejì ni irin tó ń gbá irin, *gbàgà-gbàgà*, nínú kọ̀mpúrẹ́sọ̀. Wákàtí kan péré tó bá fi ṣiṣẹ́ báyẹn lè sọ àtúnṣe di rírà òmíràn. Ẹ̀kẹta ni *ṣììì* tí kò dáwọ́ dúró, tí ilé kò sì tutù mọ́, tí yìnyín wá ń dì mọ́ páìpù. Gáàsì ló ń jò.

Ọ̀rọ̀ gáàsì tó ń jò yìí tún ti yàtọ̀ sí ti àtijọ́. Àdéhùn Montreal ti 1987 ń mú kí àwọn orílẹ̀-èdè pa gáàsì tó ń ba ààbò ojú òfuurufú jẹ́ tì, irú bíi R-22. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí i ní Kigali, ní Rwanda, ní 2016, kan àwọn gáàsì tó ń dá kún ooru ayé. Lára àwọn tó rọ́pò wọn, R-32 lè gba iná díẹ̀, R-290 sì jẹ́ ọmọ ìyá gáàsì ìdáná. Àmì ara ẹ̀rọ á sọ èyí tó wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá gbọ́ *ṣììì* nínú iyàrá, kí wọ́n ṣí fèrèsé, kí wọ́n kó àwọn ọmọ jáde, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣáná.

*Kíììn* gígùn, bí ìgbà tí ilẹ̀kùn àtijọ́ bá ń pohùn réré, wà láàárín méjì. Bíárínì fáànù ló ti gbẹ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ pàjáwìrì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dá a dúró di oṣù tó ń bọ̀ á ra mọ́tò fáànù.

“Gáàsì ti tán”

Gbólóhùn yìí wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn oníṣẹ́ kan, ó sì yẹ kí gbogbo ìdílé mọ ìdáhùn rẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù kì í jẹ gáàsì bí ọkọ̀ ti ń jẹ epo. Inú páìpù tí wọ́n dí pa ló ń yí ká, èyí tí wọ́n fi sí i nígbà tó jáde nílé iṣẹ́ sì lè tó o títí ọjọ́ ogbó rẹ̀. Bó bá dín kù lóòótọ́, ó jò ni. Ìbéèrè tó kàn ni: “Ibo ló gbà jáde?” Oníṣẹ́ tó bá fi ọṣẹ hó yípo orí páìpù tó rí ibi tó ń ṣe ìtọ́, tó dí i kó tó fi gáàsì tuntun sí i, iṣẹ́ rẹ̀ tọ́ sí owó. Ẹni tó bá kàn rọ òmíràn sí i á tún padà wá gbowó.

Ohun kan kù tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fọ ẹ̀rọ tán tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀ gidi, kí bàbá, ìyá àtàwọn ọmọ jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n, kí wọ́n sì gbọ́ bó ṣe ń gbéra, bó ṣe ń mí, bó ṣe ń dákẹ́. Kí wọ́n gbà á sórí fóònù, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ sí i. Ọmọ ọdún méje tó bá mọ ohùn àlàáfíà ẹ̀rọ ilé wọn á sáré wá pe ìyá rẹ̀ lóru ọjọ́ tí ohùn náà bá yí padà. Nígbà yẹn, pulọ́ọ̀gì kò tíì yọ́.